Ṣíṣe Ohùn Ìdarí àti Orin fún Eré Sísá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ó ti sú ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a máa ń sáré ní ìdájí ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti máa yọ fóònù wò ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, kí a lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí a sáré àti ìgbà tí ó yẹ kí a rìn. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohùn tí ń darí mi fúnra mi, tí orin wà lábẹ́ rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹnu sì wà lórí. Àwọn tí a jọ máa ń pàdé ní ìhà Stadium gbọ́ ọ, wọ́n ní kí n kọ́ àwọn, ìbéèrè wọn kò sì tíì tán títí di òní. Èyí tí wọ́n máa ń béèrè jù ni mo kó jọ síhìn-ín.

Kí ni ohùn ìdarí yìí gan-an?

Fáìlì kan ṣoṣo ni, tí gígùn rẹ̀ bá iye ìṣẹ́jú tí ẹ fẹ́ lò lójú ọ̀nà mu. Orin ń lọ nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí àkókò bá tó láti yí ìṣe padà, orin yóò rẹlẹ̀ díẹ̀, ohùn ènìyàn yóò sọ ohun tí ó kàn, orin yóò sì tún gòkè. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó ki fóònù bọ àpò, ẹ kò sì ní tún wò ó mọ́ títí ẹ ó fi padà délé.

Ṣé kò sí èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ tí mo kàn lè máa lò?

Ó wà, ó sì dára. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Couch to 5K (láti orí àga dé eré kìlómítà márùn-ún), tí Josh Clark, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1996 fún àwọn tí kò sáré rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ètò náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, NHS tí ń bójú tó ìlera ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti sọ ọ́ di ohùn tí àwọn ará ìlú wọn ń gbọ́ bí wọ́n ti ń sáré. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ yá ètò àkókò inú rẹ̀ lò, nítorí ó mọ bí a ti ń mú ara lọ díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ohùn inú rẹ̀ ń sọ, orin rẹ̀ kì í sì í ṣe orin tí ń gbé wa lẹ́sẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, kò mọ ọ̀nà yín. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú méje ni ẹ fi ń rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé dé pápá, fáìlì tí ẹ ṣe fúnra yín yóò fún yín ní ìṣẹ́jú méje gẹ́lẹ́ kí ó tó ní kí ẹ sáré. Èyí tí àlejò ṣe yóò ti máa pariwo eré nígbà tí ẹ ṣì ń fo gọ́tà.

Ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?

Orí ìwé ni, kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀sẹ̀ kìíní nínú ètò Josh Clark ṣe àpẹẹrẹ: ìṣẹ́jú 5 fún ìrìn kíákíá kí ara lè gbóná, lẹ́yìn náà eré fún ìṣẹ́jú àáyá 60 àti ìrìn fún ìṣẹ́jú àáyá 90, tí a óò máa yí po títí ìṣẹ́jú 20 yóò fi pé. Àyípo kan gba ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀, nítorí náà àyípo mẹ́jọ ni. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú 5 mìíràn kún un fún ìrìn pẹ̀lẹ́ ní ìparí, àpapọ̀ rẹ̀ di ìṣẹ́jú 30.

Ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: eré kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 5:00, ìrìn ní 6:00, eré kejì ní 7:30, ìrìn ní 8:30, eré kẹta ní 10:00, kẹrin ní 12:30, karùn-ún ní 15:00, kẹfà ní 17:30, keje ní 20:00, ìkẹjọ sì ní 22:30. Ìrìn tí ó tẹ̀lé ìkẹjọ bẹ̀rẹ̀ ní 23:30, ó sì parí ní 25:00 kí ìrìn pẹ̀lẹ́ tó gba ipò rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ iye kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ohùn yóò sọ níbẹ̀. Àṣìṣe orí ìwé, rọ́bà ìparẹ́ ni yóò yanjú rẹ̀. Àṣìṣe tí ó bá wọ inú fáìlì, ó di ìgbà tí ẹ bá ti wà lójú ọ̀nà kí ẹ tó mọ̀.

Irú orin wo ni ó yẹ?

Orin tí ìlù rẹ̀ bá ẹsẹ̀ yín mu ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń sáré pẹ̀lẹ́ ni ẹsẹ̀ wọn ń kanlẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 150 sí 170 ní ìṣẹ́jú kan, bí a bá ka ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì pọ̀. Ẹni tí ń rìn kíákíá wà ní nǹkan bí 100 sí 120. Ẹ ó máa gbọ́ iye kan tí í ṣe 180 lẹ́nu àwọn tí ó ń kọ́ni ní eré sísá. Ibi tí ó ti wá ni pé Jack Daniels, olùkọ́ eré sísá ọmọ Amẹ́ríkà, ka ìṣísẹ̀ àwọn asáré ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Los Angeles ní ọdún 1984, ó sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni ó ń gbé ẹsẹ̀ tó 180 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń du àmì-ẹ̀yẹ wúrà ni ó kà, kì í ṣe èmi àti ẹ̀yin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ibùsùn. Ẹ ka ẹsẹ̀ tiyín kí ẹ tó wá orin.

Ní ti orin tiwa, ẹ̀bùn kan wà nínú jùjú àti fújì tí àwọn tí ń sáré pẹ̀lú orin òyìnbó kò ní: olórin kì í tètè dúró. Láyé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, Ebenezer Obey, King Sunny Adé àti Síkírù Àyìndé Barrister a máa fi ojú àwo kan odindi kọ orin tí ó so kọ́ra láìsí ìdákẹ́jẹ́ láàárín, ojú kan náà sì lè tó ìṣẹ́jú 15 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orin kan bẹ́ẹ̀ yóò gbé yín kọjá àyípo mẹ́fà nínú mẹ́jọ tí a kà lókè, láìjẹ́ pé ẹ so orin pọ̀ mọ́ orin rárá. Ohun tí ẹ óò kíyè sí ni pé jùjú a máa rọra bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gìtá, ìlù rẹ̀ a sì wá gbóná bí ó bá ti wọ àárín. Ẹ lo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ìrìn, kí ẹ sì jẹ́ kí eré bọ́ sí ibi tí onígángan ti ń fi ìlù dárà. Àwọn kan nínú wa kò fẹ́ gbọ́ ohun mìíràn ju orin ẹ̀mí lọ, kò sì burú, nítorí ìyára ìlù ni à ń wò.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ìyára ìlù orin kan?

Ẹ gbé aago sílẹ̀, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bí orin ti ń lọ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ sì fi mẹ́rin sọ iye tí ẹ bá kà di púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ 40, orin náà jẹ́ 160 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá jẹ́ 20, 80 ni, ó ṣì dára, nítorí ẹsẹ̀ yín yóò kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún ìlù kọ̀ọ̀kan.

Ìlù Yorùbá lè da ènìyàn láàmú níbi kíkà yìí, nítorí ohun tí agogo ń sọ yàtọ̀ sí ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ti ìyáàlù sì tún yàtọ̀. Ẹ má ṣe tẹ̀lé èyí tí ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹ dìde, kí ẹ jó o díẹ̀ nínú iyàrá. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ń bọ́ sí fúnra rẹ̀ ni ẹ óò kà.

Bí orin tí ẹ fẹ́ràn bá lọ́ra díẹ̀, ẹ lè mú un yára nínú ètò kọ̀ǹpútà tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí wọ́n pè ní Change Tempo, èyí tí ń yí ìyára padà láìjẹ́ kí ohùn olórin di ti ọmọdé. Láti 150 dé 160 jẹ́ nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún, etí kò sì ní fura. Bí ó bá ti kọjá ìdá mẹ́wàá, ìró ìlù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ìgbà tí a lù ú nínú omi.

Kí ni ó yẹ kí ohùn náà máa sọ?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Etí ẹni tí ó jókòó kọ́ ni etí ẹni tí ń sáré. Ẹni tí èémí rẹ̀ ti ń já kò ní agbára láti gbọ́ gbólóhùn gígùn. Orin ń lu etí rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sì ń dún. Kọ́ńsónáǹtì ni ó máa ń kọ́kọ́ sọnù nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀, ohun tí ó sì máa ń kù fún wa nínú èdè Yorùbá ni ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi pẹ̀lú fáìlì àkọ́kọ́ tí mo ṣe. Mo fẹ́ kí ohùn máa gbà mí níyànjú nígbà tí ó bá ku díẹ̀, mo bá gbà á sílẹ̀ pé, «Má dúró!» Orin kò tètè rẹlẹ̀, ó gbé «má» mì, «dúró» nìkan ni mo gbọ́. Mo dúró gbọn-in, àwọn méjì tí wọ́n ń sáré lẹ́yìn mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi lulẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò fi ọ̀rọ̀ kankan tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «má» sínú ohùn ìdarí mọ́. Ohun tí ẹ fẹ́ kí ènìyàn ṣe ni kí ẹ sọ, kì í ṣe ohun tí ẹ kò fẹ́.

Ó tún kù. «Sáré» àti «dúró» jọ ara wọn ní ohùn: òkè, òkè ni àwọn méjèèjì. Bí orin bá bo kọ́ńsónáǹtì wọn mọ́lẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Fún ìdí èyí, èmi kì í lo «dúró» níbikíbi. Ọ̀rọ̀ méjì tí mo ń lò jù ni «Ó yá, sáré», tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ohùn òkè, àti «Rọra rìn», tí ó bẹ̀rẹ̀ ní àárín tí ó sì bọ́ sí ìsàlẹ̀. Bí ẹ kò tilẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú wọn délẹ̀, ìró wọn nìkan ti sọ fún yín bóyá kí ẹ gbéra ni tàbí kí ẹ rọ̀.

Ní ti iye, ẹ yan ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí ohùn bá ń sọ pé «ẹ̀ẹ̀kẹta» ní àyípo kan, tí ó tún wá sọ pé «ó ku ẹ̀ẹ̀mẹta» ní àyípo mìíràn, ẹni tí ó ti rẹ̀ kò ní mọ èyí tí í ṣe èyí. Mo fara mọ́ «ó ku», nítorí èyí tí ó kù ni ara máa ń fẹ́ gbọ́. Ẹ fi ìkìlọ̀ sí i pẹ̀lú, «Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá», kí àyípadà má bàa bá yín lójijì, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa: gbólóhùn náà fúnra rẹ̀ gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, nítorí náà kí ó bẹ̀rẹ̀ ní 5:48 bí ìrìn bá máa bẹ̀rẹ̀ ní 6:00.

Ìyànjú bíi «o ń gbìyànjú gan-an» kò burú bí ó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá ti pọ̀ jù, ó máa ń dà bí ẹni tí ń polówó ọjà.

Ṣé «o» ni mo máa lò nínú rẹ̀ ni, tàbí «ẹ»?

Ó dá lórí ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ń ṣe é fún ara rẹ̀ lè sọ pé «sáré» kò sì sí ẹni tí yóò bínú. Ṣùgbọ́n mo ṣe ọ̀kan fún bàbá kan ní àdúgbò wa tí wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, tí dókítà ní kí wọ́n máa rìn. Wọ́n gbọ́ ohùn mi tí ń pàṣẹ pé, «Rọra rìn!» wọ́n yọ íápíìsì létí, wọ́n sì bi mí léèrè bóyá èmi ni mo bí wọn. Mo tún un gbà: «Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa rọra rìn.» Ó gùn díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń rìn ní èémí tí ó pọ̀ tó láti gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ń ṣe é fún àwùjọ tí àgbà àti ọmọdé pọ̀ sí, «ẹ» ni kí ẹ lò, yóò kárí gbogbo wọn: «Ó yá, ẹ sáré.»

Báwo ni mo ṣe máa gba ohùn mi sílẹ̀ nígbà tí àdúgbò wa ń pariwo?

Ẹ kò nílò yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Fóònù yín tó, bí ẹ bá lo áàpù ìgbohùnsílẹ̀ inú rẹ̀ dípò ohùn WhatsApp, tí wọ́n ti fún pọ̀ kí ó lè tètè lọ. Ohun tí ń ba ohùn jẹ́ jù ni ògiri lásán àti sílíìnì tí ń dá ohùn padà. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, kí ẹ kọjú sí àwọn aṣọ náà bí ẹ ti ń sọ̀rọ̀, tàbí kí ẹ gbé fóòmù ibùsùn dúró sí ẹ̀yìn fóònù. Kí ẹnu yín jìnnà sí fóònù ní nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ ẹnu má bàa máa fẹ́ lù ú. Ẹ ti fóònù kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ìpè má bàa já a.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọ̀sán gangan tí iná wà ni àkókò tí mo máa ń yàn, nítorí jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, àkùkọ dákẹ́, àwọn ọmọ sì wà ní ilé ìwé. Ẹ sọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ lè yan èyí tí ó dára jù, kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀ ní àárín wọn kí gígé rẹ̀ lè rọrùn. Ẹ dìde dúró láti sọ ọ́. Ohùn ẹni tí ó jókòó a máa sùn.

Ṣé ẹ̀rọ kò lè sọ ọ́ fún mi?

Àwọn ètò tí ń sọ ọ̀rọ̀ tí a kọ di ohùn ti wà, àwọn kan sì ń gbìyànjú Yorùbá. Meta gbé ọ̀kan tí Yorùbá wà nínú rẹ̀ jáde ní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ yín pé pérépéré, ohun tí ẹ̀rọ bá rí ni yóò sọ, ẹ sì ti rí ohun tí ohùn kan ṣoṣo lè dá sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Gbólóhùn tí ẹ nílò kò ju mẹ́wàá lọ. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́.

Báwo ni mo ṣe máa pa orin àti ohùn pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà?

Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí mo mẹ́nu bà lókè, ni mo ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti ọdún 2000, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Bí ẹ bá ti wà á jáde lẹ́ẹ̀kan, kò tún nílò dátà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń gbé ní Under G lè gbà á lọ́wọ́ ara wọn pẹ̀lú fláàṣì.

Ẹ kọ́kọ́ gbé orin sí ìlà àkọ́kọ́, kí ẹ so ó pọ̀ títí yóò fi pé ìṣẹ́jú 30. Ẹ gbé àwọn ohùn sí ìlà kejì, ní ìsàlẹ̀ ìlà orin, kí ẹ sì wọ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lọ sí àkókò tí ẹ kọ sórí ìwé. Lẹ́yìn èyí, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan pa mọ́, kí ẹ wá yan ìlà orin nìkan, kí ẹ lọ sínú Effect, kí ẹ yan Auto Duck. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń tẹ́tí sí ìlà ìsàlẹ̀, ibikíbi tí ohùn bá sì ti ń sọ̀rọ̀ ni yóò ti rẹ orin sílẹ̀, tí yóò sì dá a padà bí ohùn bá ti parí. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé ìlà ohùn ni ẹ fi sí òkè.

Bí ẹ bá fi Auto Duck sílẹ̀ bí ó ti wà, désíbẹ́ẹ̀lì 12 (ohun tí a fi ń wọn bí ohùn ti ròkè tó) ni yóò fi rẹ orin sílẹ̀. Fún orin tí kò lọ́rọ̀ púpọ̀, ó tó. Ṣùgbọ́n bí olórin bá ń kọrin Yorùbá lọ́wọ́ tí ohùn yín náà ń sọ Yorùbá, etí yóò máa gbìyànjú láti gbọ́ àwọn méjèèjì. Ẹ mú un dé 18 níbẹ̀, tàbí kí ẹ sún orin náà síwájú tàbí sẹ́yìn kí ìlù nìkan lè bọ́ sí abẹ́ ohùn. Ìlù náà kò sì ṣeé fọkàn tán tán o. Bí onígángan bá ń pòwe níbẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ ìlù yóò gbàgbé eré, yóò máa bá òwe lọ.

Orin àtijọ́ a máa dún kéré ju ti ìsinsìnyí lọ. Kí ó má bàa jẹ́ pé ẹ óò máa yí fóònù sókè sódò lójú ọ̀nà, ẹ lo Loudness Normalization lórí orin kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn wà ní iye kan náà, kí ẹ tó so wọ́n pọ̀. Lákòótán, ẹ gbé e jáde ní MP3, kí ẹ sì tọ́jú fáìlì iṣẹ́ náà tí orúkọ rẹ̀ parí pẹ̀lú aup3. Ẹ máa tẹ Ctrl àti S lóòrèkóòrè láti tọ́jú iṣẹ́ yín. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ìgbà tí iná máa lọ.

N kò ní kọ̀ǹpútà. Fóònù nìkan ni mo ní.

Ọ̀nà kan wà tí kò nílò kí a pa ohunkóhun pọ̀ rárá. Ẹ fi áàpù tí ń gé orin gé ìgékúrú ìṣẹ́jú àáyá 60 láti inú orin tí ó yára, àti ti ìṣẹ́jú àáyá 90 láti inú èyí tí ó lọ́ra. Ẹ kó wọn sínú fódà kan pẹ̀lú àwọn ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀, kí ẹ sì fún wọn lórúkọ ní ìtẹ̀léra: 01 fún ohùn «Ó yá, sáré», 02 fún orin eré, 03 fún ohùn «Rọra rìn», 04 fún orin ìrìn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rí i dájú pé òdo wà níwájú, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni yóò ka 10 ṣáájú 2 bí ẹ bá kọ ọ́ láìsí òdo. Ẹ pa ìtò dàrúdàpọ̀ (Shuffle) inú ẹ̀rọ orin, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ń lọ nìyẹn. Fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì tí ń gba mẹ́mọ́rì káàdì pàápàá lè ṣe é. Ohun tí ẹ óò pàdánù ni pé orin yóò já kí ohùn tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ àmì.

Àwọn orin tí mo ti wà jáde sínú Spotify tàbí Boomplay kò ṣí nínú Audacity. Kí ló dé?

Wọ́n ti tì wọ́n pa mọ́ inú áàpù náà ni. Ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ọ ni ẹ san owó fún, kì í ṣe fáìlì. Ẹ ra orin tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí fáìlì, tàbí kí ẹ lo èyí tí ó wà lórí síìdì yín.

Ṣé mo lè fi í ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ wa lórí WhatsApp?

Ohùn yín, tiyín ni, ẹ lè fún ẹni tí ó wù yín. Orin inú rẹ̀ kì í ṣe tiyín. Òfin tuntun tí ń dáàbò bo iṣẹ́ àwọn olórin àti òǹkọ̀wé ní Nàìjíríà, ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, fi àyè sílẹ̀ fún ìlò ti ara ẹni, ṣùgbọ́n pípín orin olórin káàkiri láìgbàṣẹ yàtọ̀ sí ìyẹn, títà á sì burú jù. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń gbé ohùn nìkan jáde, pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ láàárín, mo sì ń fi ìyẹn ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé àkókò. Oníkálukú yóò fi orin tirẹ̀ sí i. Tàbí kí ẹ wá onílù.

Onílù kẹ̀? Ṣé ìlù lè rọ́pò ohùn?

Ó lè rọ́pò rẹ̀ dáadáa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ohùn ara mi lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó máa ń lu gángan níbi ìnáwó bá mi lu gbólóhùn mẹ́ta sínú fóònù lábẹ́ igi máńgòrò kan, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ohùn gángan ga, ó ń la orin kọjá bí abẹ́rẹ́, kò sì nílò kí a rẹ orin sílẹ̀ púpọ̀. Ohun tí mo sọ nípa ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ tún wá ṣe pàtàkì jù níbí, nítorí ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì rárá: «sáré» àti «dúró» kò ní ìyàtọ̀ kankan lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó lu «ó yá, sáré» ní òkè pátá, kí ó sì lu «rọra rìn» kí ó bọ́ sílẹ̀ ní ìparí. Fún ìkìlọ̀ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, agogo lẹ́ẹ̀mẹta ti tó.

Báwo ni fáìlì náà ṣe máa tóbi tó?

MP3 tí ó jẹ́ kílóbíìtì 128 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì kan fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìṣẹ́jú 30 kò tó mẹ́gábáìtì 30. Bí àyè bá há, ẹ gbé e jáde ní Mono, tí ohùn kan náà ń wọ etí méjèèjì, ní kílóbíìtì 64, yóò di ìlàjì.

Ṣé kò léwu láti fi nǹkan sí etí lójú títì?

Ó léwu bí a kò bá ṣọ́ra. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìlọrin tí tírélà ń gbà kì í ṣe ibi tí a ń fi íápíìsì sáré, bí ó ti wù kí ó jẹ́ ìdájí tó. Ẹ lo etí kan ṣoṣo ní àdúgbò, kí ẹ sì máa sáré kọjú sí ọkọ̀ tí ń bọ̀, kí ẹ lè rí ọ̀kadà tí kò tan iná. Bí ẹ bá máa lo etí kan, ẹ gbé fáìlì náà jáde ní Mono, nítorí orin àtijọ́ mìíràn a máa kó ohùn olórin sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó sì kó ìlù sí ìkejì. Ìtọ́ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fún àgbàlagbà ni pé kí ohùn tí ó jẹ́ désíbẹ́ẹ̀lì 80 má ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀ létí wa, bí ó bá sì ti ga ju ìyẹn lọ, kí wákàtí náà dín kù gidigidi. Ẹ jẹ́ kí fóònù wà ní ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá, kí ẹ má kọjá ibẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn ìdarí níbẹ̀, fáìlì ni ẹ óò tún ṣe, kì í ṣe fóònù ni ẹ óò yí sókè.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó dára?

Ẹ fi sáré. Mo ti rí ẹni tí ó jókòó gbọ́ fáìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tí ó sì ní kò ní àbùkù, kí ó tó dé àyípo kẹta lójú ọ̀nà ni ó yọ ọ́ létí. Ẹ mú bírò àti pépà kékeré dání ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ máa kọ ibi tí ẹ kò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nígbà ìrìn. Àyípo kẹfà sí ìkẹjọ ni kí ẹ kíyè sí jù, nítorí ibẹ̀ ni ó ti máa ń rẹ ènìyàn. Nínú oṣù ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ le, ẹ tún un dán wò, nítorí atẹ́gùn a máa gba ojú etí kọjá pẹ̀lú ariwo tí kì í sí nígbà òjò.

Bí mo bá dúró kí ọkọ̀ kọjá, ṣé kí n dá fáìlì dúró?

Rárá. Ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kò ba nǹkan kan jẹ́.

Ìgbà wo ni mo máa ṣe òmíràn?

Nígbà tí ẹ bá rí i pé ẹ ti máa ń yí eré padà sí ìrìn kí ohùn tó sọ̀rọ̀, tàbí tí ẹ kò fẹ́ rìn mọ́ nígbà tí ó bá ní kí ẹ rìn. Ní ti Josh Clark, ọ̀sẹ̀ kejì ni eré ti di ìṣẹ́jú àáyá 90. Bí ẹ bá ti tọ́jú fáìlì aup3 yẹn, iṣẹ́ náà kò pọ̀: ìlà orin yóò wà bí ó ti wà, ìwé àkókò tuntun ni ẹ óò kọ, ẹ óò sì wọ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lọ sí ààyè rẹ̀ tuntun. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀dà tí ẹ tọ́jú kí ẹ tó lo Auto Duck, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orin yóò máa rẹlẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀.